Ìpàkọ́ Náà Yẹ Ní Fọ́tò

Kí ẹ tó máa ka ọ̀rọ̀ mi lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo apá òsì ògiri yìí, níbi tí a lẹ àwọn fọ́tò sáà tó kọjá mọ́. Ẹ kà wọ́n. Méjìlá ni. Nínú méjìlá yẹn, mọ́kànlá ló jẹ́ pé ṣe làwọn èèyàn tò sórí ìlà, wọ́n na ara gan, wọ́n ranjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ọjọ́ eré ìje nìyí, ọjọ́ àṣà nìyẹn, ọjọ́ tí a lọ fún ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn ló wà lókè yẹn. Tí mo bá yọ àkọlé abẹ́ wọn kúrò, ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ ọjọ́ wo? Àfi ẹni tó bá fara balẹ̀ wo aṣọ.

Ó wá ku ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan ní JSS3 ló yà á lọ́jọ́ eré ìje. Ó fi àyà balẹ̀ sórí koríko nítòsí okùn ìparí, ó gbé kámẹ́rà ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì dúró de ẹni tó ń sáré bọ̀. Nínú fọ́tò yẹn, bàtà ẹni tó ń sáré tóbi bí ọpọ́n, orí rẹ̀ kéré lókè bí ọsàn, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ojú ọ̀run sì kún gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti dúró níbí lákòókò ìsinmi wò yín dáadáa. Ibi fọ́tò yẹn ni gbogbo yín ti ń dúró. Ẹ máa ń fọwọ́ kàn án, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa ń bèèrè pé báwo ni wọ́n ṣe yà á.

Fọ́tò yẹn gan-an ni wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ lẹ irú rẹ̀ mọ́. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ oníròyìn wa àkọ́kọ́ ní sáà yìí, a dìbò, wọ́n sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé láti ìsinsìnyí lọ, fọ́tò tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ bá kọjú síwájú nìkan la ó máa lẹ. Mẹ́sàn-án gbà, mẹ́rin kọ̀. Mo wà lára mẹ́rin yẹn. Olóòtú wa wá sọ pé ẹni tí kò bá gbà kó lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dáa, mo ti kọ ọ́ o.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà, kí ẹ má baà rò pé mo kàn ń bú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n mú wá. Èkíní, nígbà tí àwọn òbí bá wá síbí, ojú ọmọ wọn ni wọ́n ń wá, wọn ò wá bàtà. Èkejì, ẹnìkan ya ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́dún tó kọjá níbi tó ti ń sùn lórí tábìlì. Òkè orí rẹ̀ ló dúró sí tó fi yà á, itọ́ sì ń já sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, nítorí náà ẹni tí a ò bá rí ojú rẹ̀, a ò tíì rí i.

Ìdí kejì yẹn wọ̀ mí lára gan-an, mo sì máa padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan tún sọ ọ́ bíi pé kíkọjú síwájú gan-an ni àṣà wa, pé ohun tó yàtọ̀ sí i, àwọn òyìnbó ló ni ín. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ ni pé fọ́tò àtijọ́ nílé wa, gbogbo rẹ̀ ló kọjú síwájú. Ẹ lọ wo ògiri pálọ̀ àwọn bàbá àgbà yín. Bàbá jókòó, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, agbádá tẹ́ rẹrẹ, ojú le koko. Ìdí wà fún un. Àwọn kámẹ́rà ìgbà ìwáṣẹ̀ lọ́ra, ó máa ń gba àsìkò kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé tó láti gbé àwòrán jáde. Ẹni tó bá mira, ojú rẹ̀ á di èéfín. Ìyẹn nìkan kọ́ ṣáá. Ọ̀gbẹ́ni Stephen Sprague, ayafọ́tò kan láti Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé African Arts ní 1978 nípa bí àwa Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ó ṣàlàyé pé ìjókòó tó kọjú síwájú, tí gbogbo ara hàn, tí ọwọ́ wà lórí itan, ní ìtumọ̀: ó ń fi ipò ènìyàn hàn, ó ń fi ìwà àgbà hàn. Èmi náà gbà. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ya Ọ̀gá àgbà wa fún ògiri ọ́fíìsì, kí wọ́n yà wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sprague tún sọ nǹkan mìíràn nínú àpilẹ̀kọ yẹn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pa pọ̀, àwọn ayafọ́tò wa máa ń ya èyí tó kù, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí ó lè dà bíi pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin àti aṣọ obìnrin fún ọmọ kan ṣoṣo yẹn, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wò ó. Ṣé ẹni tó lè ronú irú èyí ni ẹ ń pè ní ẹni tí kò mọ̀ ju kó dúró síwájú kó tẹ bọ́tìnnì lọ? Àwọn àgbà wa ò fìgbà kan rò pé kámẹ́rà kàn ń ṣe àdàkọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n máa ń bi ara wọn pé kí ni fọ́tò yìí fẹ́ sọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ọgbọ́n tí wọ́n máa fi sọ ọ́.

Ẹlẹ́rìí mi tó tóbi jù lọ ni J.D. Ojeikere. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní Ovbiomu-Emai, ní ibi tó ti di Ìpínlẹ̀ Edo lónìí. Ní 1950, ó ra kámẹ́rà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Brownie D. Ní 1954, ó ríṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní Ilé Iṣẹ́ Ìròyìn ìjọba, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Ní 1961, ó bọ́ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Lẹ́yìn náà ló kó lọ sí Èkó.

Ní 1968, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí ẹlòmíì lè máa fi rẹ́rìn-ín: ó ń ya ìpàkọ́ àwọn obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni, ìpàkọ́. Ó máa ń dúró sẹ́yìn wọn, ó máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ekukáká ló fi ń yà wọ́n láti iwájú. Irun dídì àti irun kíkó ló ń yà. Ó ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, níbi ìgbéyàwó, lójú títì, níbi iṣẹ́, títí fọ́tò irun yẹn fi tó nǹkan bí 1,000. Wọ́n pàtẹ wọn ní Paris ní 2000, wọ́n sì pàtẹ wọn níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice ní 2013, ọdún kan kí ó tó kú ní 2014.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí i díẹ̀. Kí ló dé tí kò fi dúró síwájú bíi ti gbogbo èèyàn? Ẹ̀yin obìnrin kíláàsì wa mọ èyí jù mí lọ. Kòlẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ìpàkọ́ ló parí sí. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, láti ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀ síwájú. Ṣùkú kó gbogbo ara rẹ̀ jọ sí àtàrí. Pàtẹ́wọ́ pàdé láàrin orí bí ìgbà tí èèyàn pa àtẹ́lẹwọ́ méjì pọ̀. Bí ayafọ́tò bá dúró síwájú ẹni tó di kòlẹ́sẹ̀, kí ló máa rí? Ojú ọmọge, àti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí onídìrí fi gbogbo ọ̀sán ṣe làálàá lé lórí, kò ní rí i. Ohun tí Ojeikere fẹ́ fi hàn wà lẹ́yìn, òun náà sì gba ẹ̀yìn lọ. Ohun tó mú un dúró síbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, kò sí ẹ̀fẹ̀ ńbẹ̀.

Ó sì tún mọ̀ pé irun kì í pẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á tú u, iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí á sì parẹ́. Fọ́tò nìkan ló lè dá a dúró. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ẹni tó di irun lẹ́wà tó báyìí kò lè rí i fúnra rẹ̀, àfi kí ẹlòmíì bá a wò ó. Ojeikere bá wọn wò ó. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé yíya èèyàn láti ẹ̀yìn kì í ṣe tiwa, ẹ sọ fún un pé ọmọ Nàìjíríà ló fi òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun.

Àwọn ará ibòmíràn náà ti jà fún un. Ní Rọ́ṣíà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Aleksandr Rodchenko. Nígbà ayé rẹ̀, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ni wọ́n ń gbé sí ikùn, tí wọ́n á tẹrí ba wò ó láti òkè. Ó wá kọ ọ́ ní 1928 pé ara ti su òun fún fọ́tò tí wọ́n yà láti ibi ìdodo. Ó ní kí àwọn èèyàn gun òkè kí wọ́n wo ilẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n wo òkè. Àwọn kan nílé lọ́hùn-ún bú u gidigidi, wọ́n ní àwọn òyìnbó ìlú mìíràn ló ń wò kọ. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀sùn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá lónìí, nítorí pé àwa náà ní ìdodo tiwa. Fóònù la ń lò, iwájú ojú la sì ń gbé e sí. Gbogbo fọ́tò wa, ibi gíga ojú ẹni tó dúró ni wọ́n ti yà á. Ajá, ọmọdé, ìkòkò, ọkọ̀, igi, ibì kan náà la ti ń wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rí fọ́tò Ojúde Ọba ti 2024 ní Ìjẹ̀bú-Òde, pàápàá èyí tí wọ́n ya Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú dígí dúdú lójú. Gbogbo ayé ló ń pín in kiri. Aṣọ dáa, ẹṣin dáa, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó bá dúró sílẹ̀ya ẹni tó wà lórí ẹṣin, òkè ló máa gbójú sí dandan. Ara ohun tó ń mú kí àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba dà bí ọba nínú fọ́tò nìyẹn. Ẹ gun orí òrùlé kí ẹ ya ẹlẹ́ṣin kan náà, fìlà àti ẹ̀yìn ẹṣin lẹ máa rí. Ọkùnrin kan náà ni, ẹṣin kan náà ni.

Ó yẹ ká mọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí kì í ṣe idán. Ojú kámẹ́rà fóònù máa ń wo ibi tó fẹ̀, nítorí náà ohun tó bá súnmọ́ ọn á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó bá jìnnà á kéré. Ìdí nìyẹn tí imú wa fi ń tóbi tí a bá gbé fóònù súnmọ́ ojú jù. Ìdí kan náà ló sọ bàtà asáré yẹn di ọpọ́n. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ohun tó wà níwájú á ga, ojú ọ̀run á sì bo àwọn pàǹtírí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sókè, ilẹ̀ á di bébà tí ẹ ń kọ nǹkan sí, ẹ ó rí bí nǹkan ṣe tò. Bí ẹ bá jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹni tí ẹ ń yà, ojú rẹ̀ á dúdú, ìrísí ara rẹ̀ nìkan á sì hàn bí òjìji. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń ju òkùnkùn sí kòtò ojú, torí náà àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù.

Ibi tí a lè dán an wò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, gbogbo wa la mọ ilé ìlagi. Ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo èèyàn ti ń ya ìtì igi, á sì dà bí ìtì igi lásán. Ẹ lọ síbi tí wọ́n gé orí rẹ̀, níbi tó ti dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ yà á láti iwájú ojú igi yẹn, ẹ ó rí òrùka inú rẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì, bí omi tí wọ́n ju òkúta sí. Olùkọ́ wa nípa ohun ẹlẹ́mìí á lè lo fọ́tò yẹn kọ́ wa. Ní Àgọ́-Ìwòyè, tí àwọn ọmọ yunifásítì bá ń tú jáde nírọ̀lẹ́, ẹ dúró sórí àtẹ̀gùn kan kí ẹ ya orí wọn àti agboòrùn wọn. Ní Ogun Waterside, ẹni tó bá ní ẹbí ní Ìwópin lè jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, kí ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ sí bèbè ọkọ̀, kí omi gba ìdajì fọ́tò. Ẹni tó dúró ní èbúté kò ní rí ohun tí atukọ̀ ń rí láé.

Mo ti sọ̀rọ̀ bíi pé mo mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ṣìṣe, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn mẹ́sàn-án tó dìbò yẹn kò jẹ̀bi pátápátá.

Ìyá mi àgbà ń yan gààrí. Fóònù Àǹtí mi ni mo máa ń yá ní Sátidé. Lọ́jọ́ kan ní ìsinmi tó kọjá, mo lọ bá wọn nídìí àrò. Wọ́n ti lọ ẹ̀gẹ́ náà láti ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti dì í sínú àpò, wọ́n ti fi jáàkì fún omi rẹ̀, ó sì ti kan dáadáa bí gààrí Ìjẹ̀bú ṣe ń kan. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n wá jókòó ti agbada, wọ́n ń fi àfọ́kù igbá gbo ó lọ gbo ó bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé fóònù súnmọ́ etí agbada. Ọwọ́ wọn tóbi nínú fọ́tò, iṣan rẹ̀ hàn, gààrí ń fò lábẹ́ igbá, èéfín ń lọ sókè. Inú mi dùn. Mo ní, èyí ni mo máa gbé lọ fún ògiri wa.

Nígbà tí wọ́n sinmi, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n gba fóònù náà, wọ́n nà án síwájú, wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n wò ó títí. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, mo kàn tún un kọ báyìí kí gbogbo yín lè kà á ni:

“Ìwọ ọmọ yìí, orí mi dà?”

Mo ní, “Màmá, iṣẹ́ yín ni mo fẹ́ kí wọ́n rí.”

Wọ́n ní, “Ọwọ́ ta nìyí? Tí wọ́n bá bi ẹni tó ń wò ó pé ọwọ́ ta ni, kí ló máa sọ? Ọwọ́ ìyá kan ṣáá, àbí? Wọ́n bí mi pẹ̀lú orí. O wá gé e, o sì ń bi mí pé ṣé ó dáa.”

Mi ò lè fèsì. Gbogbo wa la mọ ohun tí orí jẹ́ fún Yorùbá. Mo ti yà wọ́n bí ẹni tí kò lórúkọ. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé mo ti rò pé mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Mo ń ronú nípa fọ́tò mi, mi ò ronú nípa wọn rárá. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì pa á rẹ́ lójú wọn.

Ṣùgbọ́n mi ò padà lọ dúró síwájú. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bi wọ́n bóyá mo tún lè yà wọ́n. Wọ́n ní, “Bí orí mi bá ti máa wà ńbẹ̀.” Mo jókòó sílẹ̀ pátápátá lódìkejì àrò, mo wò wọ́n láti ìsàlẹ̀ gba òkè agbada. Etí agbada wà nísàlẹ̀ fọ́tò náà, ọwọ́ wọn wà láàrin, ojú wọn sì wà lókè nínú èéfín, wọ́n ń wo gààrí, wọn ò wo mi. Wọ́n ga nínú fọ́tò yẹn ju bí mo ṣe rí wọn rí lọ. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n ní, “Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi nìyí.” Wọ́n wá ní kí n tẹ̀ ẹ́ fún àwọn, àwọn fẹ́ fi í kọ́ ara ògiri. Ẹ kíyè sí i o: fọ́tò tí wọn ò ti kọjú sí kámẹ́rà ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ògiri.

Ohun tí mo kọ́ nìyí. Ohun tó burú nínú fọ́tò mi àkọ́kọ́ kì í ṣe pé mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó burú ni pé mi ò bi ẹni tí mo ń yà. Ohun tó burú nínú fọ́tò ẹni tó ń sùn náà nìyẹn. Kì í ṣe òkè orí rẹ̀ ló bà á jẹ́, nítorí ká ní iwájú gan-an ni wọ́n ti yà á pẹ̀lú itọ́ lẹ́nu, wọn ì bá ṣì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin tuntun wa yìí kò dáàbò bo ẹni tó ń sùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ lè ṣe é láti iwájú. Àwọn tó fẹ́ fi ẹwà nǹkan hàn nìkan ni òfin náà so lọ́wọ́.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa fi òwe dá mi lóhùn níbi ìpàdé. Ó ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo ti ń ronú nípa òwe yẹn láti ìgbà náà. Mi ò bá a jà, ọgbọ́n àgbà ni òwe náà ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àgbà jókòó. Ìjókòó náà sì jẹ́ ibì kan tí a ti ń wo nǹkan, ó tiẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ibi tí àwa ayafọ́tò ń dúró sí lọ. Ìdí àrò, lórí ilẹ̀, ni mo ti rí ìyá mi àgbà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn àgbà kan náà ló sì sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Mi ò ní ká fọ́n gbogbo nǹkan ká. Ẹni tó bá kàn dorí kámẹ́rà kodò kí fọ́tò lè rí bákan, tí kò lè sọ ìdí tó fi ṣe é, òun náà ń fi àkókò wa ṣòfò. Mo sì mọ̀ pé àwọn ibì kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé kámẹ́rà sí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ya ọmọbìnrin tó wọ síkẹ́ẹ̀tì, ìwà ìbàjẹ́ nìyẹn, kí wọ́n lé ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró sórí àga gbé kámẹ́rà lé àgbàlagbà lórí láìtọrọ àyè. Kò sì sí fọ́tò tó tó kí èèyàn tìtorí rẹ̀ sùn sójú títì níwájú ọkọ̀ gẹdú.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká pa òfin àkọ́kọ́ yẹn rẹ́, ká fi mẹ́ta yìí rọ́pò rẹ̀.

Èkíní: níbi ayẹyẹ kọ̀ọ̀kan, ká ya fọ́tò kan tí gbogbo èèyàn ti kọjú síwájú, kí àwọn òbí lè rí ojú ọmọ wọn. Ọ̀kan ti tó. Ká má ya mọ́kànlá.

Èkejì: ẹni tó bá mú fọ́tò mìíràn wá gbọ́dọ̀ lè sọ ní gbólóhùn kan ibi tó dúró sí àti ìdí rẹ̀. “Mo dúró sẹ́yìn nítorí pé irun ni mo fẹ́ fi hàn.” Bí kò bá lè sọ ọ́, ká má lẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, tí Màmá kọ́ mi: ẹni tó wà nínú fọ́tò gbọ́dọ̀ ti rí i, kí ó sì ti sọ pé “Èmi nìyí,” kí a tó lẹ ẹ́ mọ́ ibí. Ká kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ tí ó bá fẹ́, kódà bó ṣe ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ló hàn.

Mo tún ní iṣẹ́ kan nílẹ̀ tí a lè fi bẹ̀rẹ̀. Irun tí gbogbo obìnrin ilé ìwé wa ń dì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lára pátákó níwájú ọ́fíìsì. Irun kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn kíláàsì bíi tèmi mọ̀ pé orí méjì kì í rí bákan náà. Ìlà ti ẹnìkan á tẹ̀, ti ẹlòmíì á wọ́ díẹ̀, ti ẹlòmíì á fi hàn pé àbúrò rẹ̀ ló dì í lálẹ́ ọjọ́ Àìkú nígbà tí iná ò sí. Ẹ jẹ́ ká ya ìpàkọ́ méjì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó bá gbà nìkan, láti ìsinsìnyí títí di ìparí sáà. Ẹni tó ni orí á rí ohun tí kò rí rí. Onídìrí rẹ̀ náà á rí i pé a mọyì iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé wa tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá lu agogo ìparí. Mo máa bẹ̀bẹ̀ pé kí a tún ìbò náà dì. Mo máa mú fọ́tò ìyá mi àgbà wá, Màmá ti fọwọ́ sí i. Ọmọ JSS3 tó ya bàtà asáré yẹn náà, mo bẹ̀ ọ́, má bẹ̀rù, wá. Fọ́tò rẹ la máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀yin mẹ́sàn-án tí ẹ dìbò lòdì sí wa, ẹ wá o, a ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọlé, ẹ dúró síbí níṣẹ́jú kan, níwájú ògiri yìí, kí ẹ sọ fún ara yín ní òdodo: nínú méjìlá yìí, èwo lẹ kọ́kọ́ wò?